Àkísà Pupa Lára Àpò

Ní pápákọ̀ òfurufú, ọwọ́ ọkùnrin kan ni ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ rí, torí pé àpò ìrìnàjò rẹ̀ ni ọwọ́ ọ̀hún dì mú. Àpò dúdú, tòun ti àkísà pupa tí ìyá rẹ̀ so mọ́ ọn kó má baà sọnù. Ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ lókè òkun nìyí. Láàárọ̀ ọ̀la ló máa ṣàlàyé ìwádìí tó ń ṣe lórí ẹ̀fọn níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, bí wọ́n bá sì fojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ náà, ó lè má gboyè ọ̀mọ̀wé mọ́.

“Ẹ wo olè ojúkorojú,” ló fi Yorùbá sọ fún ara rẹ̀.

“Èmi kọ́ lolè o,” ni ọkùnrin náà fi èdè kan náà dáhùn. “Màmá mi ló so àkísà yìí.”

“Tèmi náà ló so ó.” Ó já àpò gbà.

“Ó dáa, ẹ gbé e. Ẹ máa rántí mi.”

Ó rántí rẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tó ṣí àpò nínú yàrá, ṣòkòtò ọkùnrin ló bá níbẹ̀, pẹ̀lú bàtà ràgàjì méjì àti ìwé nípa afárá. Ó bínú sí ìyá rẹ̀, ó bínú sí àkísà, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ló bínú sí jù.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkùnrin náà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn pẹ̀lú àpò ọmọbìnrin náà. Inú àwọn ìwé tó wà nínú àpò ló ti rí ibi ìpàdé. Ẹ̀wù àná ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ti rún wómúwómú.

“Mo fẹ́ sọ fún yín lánàá, àmọ́ ẹ ò ráyè gbọ́.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ lónìí náà.”

Ọkùnrin náà wọlé, ó jókòó, ó sì ń mi orí sí gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn tí kò yé e. Nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan béèrè ìbéèrè tó ba ọmọbìnrin náà lẹ́rù, ó bojú wo ọkùnrin yẹn, ó rí i tó ń họ apá bí ẹni tí ẹ̀fọn ń jẹ. Ẹ̀rín fẹ́ pa á. Ẹ̀rù lọ, ìdáhùn sì dé.

Wọ́n padà sílé, ìfẹ́ sì bá wọn délé. Bàbá ọmọbìnrin náà kò gbà kí wọ́n ṣègbéyàwó.

“Torí ìwé lo ṣe lọ síbẹ̀, o gbé ọkọ dé. Tóo bá lọ sílé ọkọ báyìí, ìwé yẹn á kú sínú àpótí. Parí ẹ̀ ná.”

Ohun tó dun ọmọbìnrin náà jù ni pé bàbá náà jàre.

“Màá dúró,” ni ọkùnrin náà wí fún ọmọbìnrin náà.

“Dìgbà wo?”

“Títí ẹ̀fọn á fi tán.”

“Ẹ̀fọn kì í tán.”

“Ṣóo rí i.”

“O ń dá mi lágara,” ló sọ, àmọ́ omi ti lé sí i lójú.

Ọkùnrin náà dúró lóòótọ́. Ọjọ́ tí ọmọbìnrin náà gboyè, bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló pe ọkùnrin náà: “Ó ti parí ẹ̀. Máa bọ̀.”

Kò pẹ́ tí ìpàdé mìíràn fi pe àwọn méjèèjì sí ìlú tí wọ́n ti kọ́kọ́ pàdé. Ní pápákọ̀ òfurufú, àpò méjì wà nílẹ̀, àkísà pupa wà lára méjèèjì. Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú àkísà ara ọ̀kan.

“Mi ò lè fara da irú wàhálà yẹn mọ́.”

Ọkùnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Fi sílẹ̀. Ilé kan náà làwọn méjèèjì máa padà sí.”

Ọmọbìnrin náà gbójú sókè. “Ṣé bí wọ́n ṣe ń béèrè pé ṣé wàá fẹ́ mi nìyẹn? Níbi tí èrò ti ń tì wá?”

“Ibí yìí náà la ti pàdé.”

Ó pòṣé. Ó tún àkísà náà so, ó so ó le dáadáa.

“Ìwọ ni wàá gbé méjèèjì, nígbà náà.”