Ọwọ́ Télọ̀ àti Òwú Ẹnu Pẹ̀lẹ́

Ọjọ́ Sátidé tí a gbé ológbò wa wọlé, gbogbo èèyàn ló fẹ́ fọwọ́ kàn án. Èmi, ọkọ mi, ọmọ wa, aládùúgbò méjì, àti oníbàárà kan tó wá gba síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, gbogbo wa la dúró yí apẹ̀rẹ̀ ká. Télọ̀ ni mí. Yàrá iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù mi, èrò kì í sì í tán níbẹ̀.

Ilé ìtọ́jú tí wọ́n ti ń kó àwọn ológbò tí wọ́n pa tì sí ìgboro jọ la ti gbà á. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ló ti ń bẹ̀ wá láti ìgbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo ti kó kúrò ládùúgbò. Òun ló sọ ọ́ ní Pẹ̀lẹ́.

Obìnrin tó fà á lé wa lọ́wọ́ fún mi ní ìwé pélébé kan. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ kà á dáadáa. Gbogbo ohun tó yẹ kí ẹ ṣe ló wà níbẹ̀."

Mo ní mo ti gbọ́. Ṣé èmi tí mo tọ́ ọmọ ni wọ́n máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́ ológbò? Nígbà tí mo délé, mo fọwọ́ tẹ ìwé náà wò, mo rí i pé ó le dáadáa. Kíá, mo fi gé bátànì kọ́là, àwòṣe tí mo máa ń gbé lé aṣọ gé ọrùn ẹ̀wù, mo sì fi kọ́ ara ògiri. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Ìwé tó le kì í pẹ́ nílé télọ̀.

Bí a ṣe ṣí apẹ̀rẹ̀, fìrì ni Pẹ̀lẹ́ sá sábẹ́ máṣíìnì mi. Ọmọ mi nawọ́ sí i, ó fún ara pọ̀. Oníbàárà nawọ́ sí i, ó yọ èékánná. Bàbá ọmọ mi, ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé, wá fi ìgbálẹ̀ tì í.

"Ìwọ ológbò yìí, jáde wá kí àwọn ẹbí rẹ!"

Pẹ̀lẹ́ ò jáde. Kò jẹun lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, omi díẹ̀ ló lá. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Mọ́mì, kò fẹ́ràn wa. Ṣé a máa dá a padà ni?"

"Ta ló fẹ́ dá a padà? Ebi á mú un jáde," ni mo wí, bí ẹni tó ti tọ́ ogún ológbò rí.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó jáde lóòótọ́. Ó bì. Ó tún bì. Nígbà tó gbójú sókè, mo rí òwú búlúù kan tó rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Òwú tí mo fi rán aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì lọ́sẹ̀ tó kọjá ni. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi kún fún un.

Ẹ̀yin télọ̀ ẹgbẹ́ mi á jẹ́rìí mi: ọwọ́ wa kì í rí òwú tó yọ kó má fà á. Lára ẹni tí mi ò mọ̀ rí pàápàá, tó bá jókòó níwájú mi nínú ọkọ̀, màá fà á. Mo di Pẹ̀lẹ́ mú, mo fi ìka méjì mú òwú náà.

"Mọ́mì, ẹ má fà á!"

Ọmọ mi ti já bátànì kọ́là lára ògiri, ó ń ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. "Bí òwú bá yọ lẹ́nu ológbò yín, ẹ má ṣe fà..."

"Tí wọ́n bá fà á ńkọ́?" Bàbá rẹ̀ bi í.

"Mi ò mọ̀, Dádì. Mọ́mì ti gé ìyókù."

Ilẹ̀ ì bá lanu kí n kó sí i. Síbẹ̀, ọwọ́ ń yún mi. Òwú lásán! Ọmọ mi kàn ń wò mí. Mo jọ̀wọ́ òwú náà.

Ọkọ mi gbọ́dọ̀ lọ gbé àwọn ọmọ iléèwé, nítorí náà èmi àti ọmọ mi la gbé Pẹ̀lẹ́ dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko. Obìnrin ni, kì í sì í sọ̀rọ̀ yípo. Ó la ẹnu Pẹ̀lẹ́, ó wo abẹ́ ahọ́n rẹ̀.

"Ṣé ẹ fà á?"

"Rárá o!" Mo yára dáhùn, bí ẹni pé èmi ni mo gbọ́n bẹ́ẹ̀.

"Ẹ ṣeun. Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, mà?"

"Télọ̀ ni mí."

"Ó dáa. Tí ẹ bá fẹ́ kí ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì fún jọ, kí lẹ máa ń ṣe?"

"Màá rán òwú gba inú ẹ̀, màá wá fa orí òwú. Aṣọ á sún jọ."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìfun rẹ̀ ì bá sún jọ. Òwú yìí ti lọ́ mọ́ abẹ́ ahọ́n, orí kejì ti wọnú ìfun. Tí ẹ bá fà á, á gé ìfun. Ó lè kú sí yín lọ́wọ́."

Mo wá àga, mo jókòó. Díẹ̀ ló kù kí n fi ìka méjì pa á lójú ọmọ mi.

Wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. A jókòó síta títí di ọ̀sán, ọmọ mi di bátànì kọ́là yẹn mú bí ẹni di ìwé àṣẹ mú. Nígbà tí dókítà jáde, ó ní, "Ó ti yè. Ẹ tètè gbé e dé."

Mo yẹ ojú ibi tí wọ́n rán lára Pẹ̀lẹ́ wò. Mi ò lè pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ inú. "Dókítà, ẹ mọ nǹkan rán o. Tí iṣẹ́ yìí bá sú yín, ẹ máa bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi."

Ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín. "Dókítà, ṣé torí pé kò fẹ́ràn wa ni kò ṣe jẹun?"

"Rárá, ọmọ mi. Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà á, kí òwú tó dá kún un. Tí wọ́n bá gbé ìwọ náà lọ sílé tí o ò dé rí, tí èèyàn rẹpẹtẹ ń nawọ́ sí ẹ, ṣé oúnjẹ á lọ lọ́fun ẹ?"

Ó wá là á yé wa. Yàrá kan tó dákẹ́ ni kí a fún un, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù. Kí a fi páálí kan síbẹ̀ tó lè sá sí. Kí ike iyanrìn tó máa ṣe ìgbẹ́ sí jìnnà sí oúnjẹ rẹ̀, torí ológbò pàápàá kì í fẹ́ jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá. Oúnjẹ tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí a ṣì máa fún un, kí a tó máa yí i padà díẹ̀díẹ̀.

"Mílíìkì ńkọ́?" Mo bi í.

"Omi ni, mà. Mílíìkì máa ń da inú ọ̀pọ̀ wọn rú."

"Tí ojú iṣẹ́ abẹ bá ń dùn ún, ṣé kí n fún un ní parasitamọ́ọ̀lù díẹ̀?"

"Háà! Ẹ má dán an wò! Hóró kan lè pa á. Oògùn tí mo bá fún yín nìkan ni. Tí kò bá sì jẹun fún odindi ọjọ́ kan, ẹ má dúró de ebi mọ́. Ẹ gbé e wá."

Yàrá ọmọ mi la gbé e sí. Ọmọ mi á jókòó sílẹ̀, á máa ka ìwé iléèwé rẹ̀ sókè, kò sì ní nawọ́. Ọjọ́ kìíní, ìrù nìkan la rí, ṣùgbọ́n ó jẹun díẹ̀. Ọjọ́ kẹrin, abọ́ oúnjẹ ti gbẹ. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo gbọ́ tí ìwé kíkà dákẹ́ lójijì, mo sáré yọjú. Pẹ̀lẹ́ ti jókòó lé ìwé náà gan-an. Omi ń bọ́ lójú ọmọ mi, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì, òun fúnra ẹ̀ ló wá o!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ẹ bá gba ológbò sílé, ẹ jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá yín. Láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ gbé e lọ fún dókítà, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó fún un lábẹ́rẹ́ àjẹsára àti oògùn aràn. Ẹ má jẹ́ kó jáde síta fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, títí á fi mọ ilé. Ẹ gbá ilẹ̀ yín, kí ẹ kó òwú, abẹ́rẹ́ àti rọ́bà sínú agolo tó ní ìdérí. Ìwé tí wọ́n bá fún yín, ẹ kà á kí ẹ tó fi ṣe nǹkan mìíràn.

Bátànì kọ́là náà ṣì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi. Ọmọ mi ti fi bírò parí ọ̀rọ̀ tí mo gé: "...ẹ má ṣe fà á. Ẹ gbé e lọ fún dókítà." Mi ò tíì fi gé kọ́là kankan títí dòní.