Ewé Tí Kò Fẹ́ Omi Púpọ̀

Oòrùn àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ògiri nígbà tí oníbúrẹ́dì, tó fi gbogbo òru po ìyẹ̀fun, rí télọ̀ kan lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bó ṣe ń relé. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré wà lọ́wọ́ obìnrin náà, ó ń fi gbọn eruku kúrò lára ewéko kan tí ewé rẹ̀ sanra, tó tò yí ara wọn ká bí òdòdó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ó rẹ ọkùnrin náà tẹnutẹnu, síbẹ̀ ó dúró.

“Ṣé kò sí?” obìnrin náà bi í.

“Kò sí o. Mo ń wò ó bóyá ẹ máa fọ eyín fún un náà ni.”

Télọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó já ewé kan fún un. “Ẹ gbé e sórí yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ. Ẹ má bomi rin ín títí ẹ ó fi rí gbòǹgbò.”

Àmọ́ ojoojúmọ́ ni oníbúrẹ́dì ń bomi rin ín. Ewé náà rà.

“Àkẹ́jù lẹ fi pa á,” ni télọ̀ wí, ó sì fún un ní òmíràn. Èyí ta gbòǹgbò tín-ín-rín bí òwú, ọmọ ewé yọ nídìí rẹ̀. Oníbúrẹ́dì sáré wá ròyìn bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bímọ. Díẹ̀díẹ̀, “ẹ” di “o” láàárín wọn.

Ṣùgbọ́n àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá ìyá oníbúrẹ́dì dùbúlẹ̀. Òun nìkan ló ń wẹ̀ fún màmá, tó ń fún un lóúnjẹ, kó tó sùn díẹ̀, kó tún gba ibi iṣẹ́ lọ.

“Olólùfẹ́ mi, wá ẹni tó ráyè,” ó sọ fún télọ̀ lọ́jọ́ kan. “Kí lo fẹ́ wá ṣe nínú ilé àìsàn?”

“O ò tiẹ̀ bi mí kó o tó lé mi.”

Láti ọjọ́ náà, ọ̀nà mìíràn ni oníbúrẹ́dì ń gbà relé.

Màmá rí i pé ẹ̀rín ti tán lẹ́nu ọmọ òun. Ahọ́n rẹ̀ wúwo, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́: “Èmi ni mò ń ṣàìsàn. Ta ló ní kí ìwọ má gbé ayé? Lọ pè é wá.”

Oníbúrẹ́dì bá télọ̀ nídìí máṣíìnì.

“Mo bá ọ pinnu láì bi ọ́. Má bínú. Màmá ní kí n wá pè ọ́.”

“Màmá nìkan?”

“Èmi náà.”

Télọ̀ tẹ̀ lé e. Ó kúnlẹ̀ kí màmá, ó sì bá ọmọ rẹ̀ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì jókòó sílẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri.

“Ó rẹ̀ mí,” ni ọkùnrin náà wí.

“Ó rẹ èmi náà.” Télọ̀ gbé orí lé èjìká rẹ̀. “Jẹ́ ká fẹ́ra wa. Bó bá máa rẹ̀ wá náà, kó máa rẹ̀ wá nínú ilé kan náà.”

Oníbúrẹ́dì di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Mo gbà.”

Láti orí bẹ́ẹ̀dì, màmá rọra sọ pé, “Èmi náà gbà.”