Páànù Dúdú Ìyá Nọ́ọ̀sì

Ẹsẹ̀ méjì ni nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ rí, kó tó rí ẹni tó ni wọ́n. Wọ́n yọ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́bàá fèrèsé, bàtà tọ̀tún ti lu níbi àtàǹpàkò. Nọ́ọ̀sì ń sáré bọ̀ pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn mọ́lẹ̀ dáadáa.

"Ẹ má bínú, sístà," ohùn kan dáhùn láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Ẹsẹ̀ tèmi ló yẹ kó wo ibi tí tiyín ń lọ."

Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ló ń mì, kí ló dé tó fi tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ láti àárọ̀? Ọkùnrin náà, wẹ́dà ajórinmọ́rin tí ilé ìwòsàn ránṣẹ́ pè wá tún bẹ́ẹ̀dì ṣe, fara balẹ̀ ṣàlàyé pé tí ẹsẹ̀ kan bá ń mì, ara èkejì lèèyàn ti máa ń rí ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yọ orí jáde, eruku irin kún irun rẹ̀, imú rẹ̀ sì ń wá nǹkan kiri.

"Kí lẹ sè?"

"Kò kàn yín."

Ṣùgbọ́n ó hàn lójú rẹ̀ pé kò tíì jẹun, nọ́ọ̀sì sì fún un ní ṣíbí. Ìrẹsì ni, pẹ̀lú itan adìẹ, kárọ́ọ̀tì àti àlùbọ́sà, gbogbo rẹ̀ mu ọ̀rá kan náà. Wẹ́dà jẹ ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀ bí ọlọ́pàá. Kí ló kọ́kọ́ wọlé? Báwo ni ìrẹsì ṣe jinná tí adìẹ ò gbẹ? Nọ́ọ̀sì ní páànù irin kan ṣoṣo ló ṣe gbogbo rẹ̀. Tó bá ti gbóná, èèyàn á dojú awọ adìẹ dé inú òróró, kò sì ní fọwọ́ kàn án. Ìgbà tó bá ṣetán, adìẹ fúnra rẹ̀ ni yóò já páànù sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, èèyàn á yọ adìẹ, àlùbọ́sà, kárọ́ọ̀tì, ìrẹsì àti omi gbígbóná á wọlé, adìẹ á padà sórí wọn, èèyàn á dé e, á dín iná kù.

"Ẹ ò sì gbọdọ̀ ṣí i wò."

"Báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀?"

"Ẹ máa gbọ́ ọ. Tí omi bá ti tán, ohùn rẹ̀ á yí padà."

Obìnrin kankan ò tíì bá wẹ́dà sọ̀rọ̀ nípa ohùn irin rí. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì láti yẹ bẹ́ẹ̀dì wò, ó tún wá lọ́jọ́ kẹta. Kò pẹ́ tí abọ́ nọ́ọ̀sì fi di oníṣíbí méjì.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti ìgbéyàwó, ó ku kí bàbá fọwọ́ sí i. Télọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá nọ́ọ̀sì, aya rẹ̀ sì ti kú. Páànù irin dúdú tí nọ́ọ̀sì fi ń dáná yẹn ni aya náà fi sílẹ̀. Yálà ọ̀dùnkún tí wọ́n tò lé ẹran lórí ni, tàbí ẹ̀wà àti ẹja, inú páànù náà nìkan ni bàbá ti ń jẹ oúnjẹ alẹ́. Kò tíì gbà fún wẹ́dà, àmọ́ lọ́jọ́ tí wẹ́dà ò bá wá, ó ti ń béèrè ìdí rẹ̀.

Ibi tí nǹkan dé nìyẹn tí wẹ́dà fi fẹ́ ṣe dáadáa. Ó ń bá wọn fọ abọ́ nígbà tó rí bí páànù náà ṣe dúdú kirikiri, àánú irin sì ṣe é. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó fi ẹ̀rọ ha á, ó fi sáńpépà fá a, títí ó fi rí eyín ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ó fi ìwé ìròyìn wé e, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lé bàbá lẹ́sẹ̀.

Bàbá tú u. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra inú rẹ̀.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, sà. Gbogbo ìdọ̀tí ẹ̀ ti lọ."

"Gbogbo ọjọ́ tí ìyàwó mi fi wà nílé yìí ló fi kun irin yìí," ni bàbá wí wọ́ọ́rọ́wọ́. "Gbé e lọ. Má sì padà wá." Ó wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn.

Níta, nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún un pé dúdú yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Òróró ni, tí iná sun mọ́ irin ní ìpele ìpele títí ó fi di awọ. Òun ni kì í jẹ́ kí oúnjẹ lẹ̀. Wẹ́dà gbé ọwọ́ lérí.

"Ìwọ tó ń béèrè gbogbo nǹkan," nọ́ọ̀sì wí. "O béèrè ohun tí àlùbọ́sà ń ṣe nínú òróró, o ò wá béèrè ìdí tí páànù fi dúdú."

"Mo fẹ́ kó yà yín lẹ́nu ni."

"Ó yà wá lẹ́nu."

"Olólùfẹ́ mi, ohun tí mo bá bà jẹ́, mo máa ń tún un ṣe."

"Èyí ò ní nọ́ọ̀tì tí wàá dè."

Bàbá ní kò sí ìgbéyàwó mọ́. Ó ní òun ò sì ní jẹ oúnjẹ inú ìkòkò mìíràn. Búrẹ́dì ló ń jẹ, ó ń mí kanlẹ̀ kí nọ́ọ̀sì lè gbọ́ ọ ní ilé ìdáná. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì sú nọ́ọ̀sì: ẹni tó ń ṣe nǹkan láìbéèrè, àti ẹni tó ń gbààwẹ̀ láìsí ẹni tó ní kó gbà á. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ mú wẹ́dà wá, pẹ̀lú páànù. Nígbà tí bàbá béèrè ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún un, ó ní òun ni. Ó ní òun ò lè dúró lórí ẹsẹ̀ látàárọ̀ níbi iṣẹ́, kí òun tún wálé wá parí ìjà àgbàlagbà méjì nítorí páànù.

"Ẹ jókòó, Bàbá. Òun á máa sè é. Ẹ̀yin ẹ máa bú u, ìyẹn á fún yín lókun."

Bí iṣẹ́ bá ti parí, wẹ́dà á wá, á fi òróró fẹ́ẹ́rẹ́ ra páànù, á yá a níná títí yóò fi rú èéfín, á jẹ́ kó tutù, á sì dáná. Ẹyin lẹ̀ mọ́ ọn bí àtè. Ọ̀dùnkún fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ sínú rẹ̀. Láti orí àga, bàbá á ní iná ti pọ̀ jù, òróró ti pọ̀ jù, ta ló kọ́ ọ láti di ṣíbí mú bí òòlù? Wẹ́dà á ní bẹ́ẹ̀ ni sà, á sì tún un ṣe. Ojoojúmọ́ ni àga bàbá ń sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Nọ́ọ̀sì rí i.

Ọjọ́ tí wẹ́dà dán adìẹ àti ìrẹsì wò, ó fẹ́ yí adìẹ padà kó tó tó àsìkò, awọ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Bàbá ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó dìde, ó já ṣíbí gbà.

"Fi í sílẹ̀. Kí ló ń lé ọ?"

Ó dín iná kù. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró ti páànù kan ṣoṣo títí adìẹ fi já ara rẹ̀ sílẹ̀. Páànù ni bàbá kọjú sí nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Ọjọ́ tá a rà á, ó ń dán báyìí náà. Ọdún àkọ́kọ́ yẹn, kò sí ohun tí kò lẹ̀ mọ́ ọn. Ìyá ẹ á máa sunkún. Èmi ni mo máa ń ha á jẹ, màá ní ìsàlẹ̀ ló dùn jù."

"Ṣé ó dùn lóòótọ́?" nọ́ọ̀sì béèrè.

"Ó korò bí jogbo."

Nígbà tí wọ́n bu oúnjẹ tán, ìpele ìrẹsì kan ti jó mọ́ ìdí páànù. Nọ́ọ̀sì fẹ́ da omi sí i. Wẹ́dà fa páànù sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ń ha á jẹ. Nọ́ọ̀sì ní kó fi í sílẹ̀, pé ó ti jó. Wẹ́dà ń jẹ ẹ́ lọ.

Bàbá wò ó títí.

"Ìgbà wo làwọn òbí ẹ fẹ́ wá rí mi?"

Ẹnu wẹ́dà kún. Nọ́ọ̀sì ló dáhùn. "Sọ́ńdè tó ń bọ̀, Bàbá."

"Kí wọ́n jẹun kí wọ́n tó wá," ni bàbá wí, ó ń fa àga rẹ̀ padà. "Páànù yín ò tíì tó gbàlejò."

Nọ́ọ̀sì gba ṣíbí lọ́wọ́ ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ó ha ìpín tirẹ̀ nínú ìrẹsì tó jó náà, ó sì jẹ ẹ́.