Akọni Tí Kì Í Fò

Ẹnu Motúnráyọ̀ là níwájú ògiri kan ní Ojúẹlẹ́gba. Ó là débi pé bí mólúè bá ṣìnà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó lè yà wọ ibẹ̀, kó já èrò, kó sì tún rí àyè yí padà. Póstà ló ń wò. Láti ìsàlẹ̀ ògiri dé òkè, póstà kan náà ni wọ́n lẹ̀ nígbà ogún, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ò tíì gbẹ.

"Motún, orúkọ ẹ rè é," ni Teslim wí, ó ń nàka sí ìsàlẹ̀ póstà. "'Ìtàn láti ọwọ́ Motúnráyọ̀ Adéríbigbé.' Ó mà tóbi ju orúkọ gómìnà lọ."

Òótọ́ ni. Lẹ́tà orúkọ náà pupa bí ata rodo. Ìyá arúgbó tí kò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́ lè kà á láti Ìdí-Orò. Inú Motúnráyọ̀ ìbá dùn títí ilẹ̀ á fi mì. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lókè orúkọ náà ni kò jẹ́ kó rí èémí. Akọni kan ló wà níbẹ̀, aṣọ pupa ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, mànàmáná ń jáde ní ìkúùkù rẹ̀, ó sì ń fò kọjá lókè ọ̀sà bí lékeléke tí ajá ń lé.

"Fífò kẹ̀?" ni ó wí. "Teslim, Dúróṣinṣin kì í fò."

"Ó ti ń fò báyìí," ni Teslim dáhùn. Ẹ̀rín sì ń kúrò lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí òun ni yóò ṣe Dúróṣinṣin nínú fíìmù, kò sì ní ìyẹ́.

Ọdún 1994 ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún làwọn méjèèjì, kíláàsì àṣekágbá ni wọ́n wà nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Sùúrùlérè, WAEC wọn sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé lẹ́bàá Ìtìrẹ̀. Ògiri tó wà láàárín yàrá ìyá Motúnráyọ̀ àti yàrá ìyá Teslim fẹ́lẹ́ débi pé bí ẹnì kan bá sín níhìn-ín, ẹlòmíì á nu imú lọ́hùn-ún.

Motúnráyọ̀ ló dá Dúróṣinṣin. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, katapílà kan wá wó ìsọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ọtọ̀. Gbogbo èèyàn sá. Òun náà sá. Ó sá débi pé bàtà rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró de òun. Nígbà tó délé, ìtìjú eré tó sá yẹn ò jẹ́ kó lè jẹun. Ló bá fa ìwé ẹ̀kọ́ kan yọ, ó ya ọmọ Múṣín kan tí kì í sá. Bí Dúróṣinṣin bá ti tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sóhun tó lè ṣí i nípò. Katapílà tì í títí ó fi ń làágùn ọ́ìlì. Dúróṣinṣin kì í jà, kì í pariwo. Ó kàn ń dúró ni, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì yè. Ìwé ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló fi kọ ìtàn náà, tó fi yà á, kí Ọ̀gá Àkàngbé, olówó fíìmù, tó gbọ́ nípa rẹ̀ tó sì ní òun yóò fi ṣe fíìmù.

Àwọn méjèèjì ò dúró ra omi mu, ó di ọ́fíìsì Ọ̀gá.

Bí Ọ̀gá Àkàngbé bá ń bọ̀ níbì kan, ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé. Ikùn náà á kí gbogbo ará ilé tán, á jókòó, kí Ọ̀gá fúnra rẹ̀ tó yọ. Lọ́jọ́ náà, ikùn yẹn ti gba ìdajì tábìlì, òkìtì póstà sì gba ìdajì tó kù.

"Ẹ káàsán, sà," ni Motúnráyọ̀ wí, ó kúnlẹ̀.

"Ọmọ mi àtàtà. Ṣé ẹ ti rí póstà wa?"

"A ti rí i, sà. Àmọ́ Dúróṣinṣin kì í fò, sà. Kò síbi tó ti fò nínú ìwé mi."

Ọ̀gá wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó ní kí wọ́n bu iyọ̀ sí tíì òun. "Ta ló fẹ́ ra ìwé rẹ? Póstà ni wọ́n ń rà. Kò sẹ́ni tó ń rí inú kásẹ́ẹ̀tì kó tó gbé e lọ sílé. Ẹgbẹ̀rún méjì ni mo ti tẹ̀, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ láti ibí dé Ìdó. Ohun tó bá ti wà lórí póstà, dandan ni kó wà nínú fíìmù."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà nígbà yẹn nìyẹn. Póstà ló máa ń kọ́kọ́ jáde, fíìmù á wá máa sáré tẹ̀lé e lẹ́yìn bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ìdúró rẹ̀ ni agbára rẹ̀, sà."

"Ìdúró?" Ikùn Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, Ọ̀gá náà sì tẹ̀lé e. "Yẹlòfífà tó ń darí ọkọ̀ nísàlẹ̀ ibí, láti àárọ̀ ló ti dúró. Ọ̀fẹ́ ni. Ṣé o ti rí ẹni tó gbé àga wá síbẹ̀ láti wò ó? Àwọn òyìnbó inú kásẹ́ẹ̀tì ń fò, gbogbo ayé ń wò wọ́n. Ọmọ Múṣín tiwa náà á fò."

Teslim bú sẹ́rìn-ín nítorí ọ̀rọ̀ yẹlòfífà, kó tó rántí ẹni tó bá wá.

"N ò bá ẹ jà o," ni Ọ̀gá ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Tó o bá ní kò ní fò, gba ìwé rẹ kó o máa lọ. Ọmọ kan wà ní Ṣómólú tí tiẹ̀ ń fò, tó tún ń yọná lẹ́nu. Ohun tí màá ṣe ò ju báyìí lọ." Ó fa bébà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ, ó sì tẹ́ ẹ lé orí póstà kan lórí tábìlì. Orúkọ Motúnráyọ̀ pòórá.

Motúnráyọ̀ ń wo bébà yẹn. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún gbogbo ìjọ. Olùkọ́ wọn ti ní kí kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un. Bébà tí kò fẹ̀ ju ìka mẹ́ta lọ ló sì bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá. Teslim ń wojú rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó fò, sà," ni ó wí. Ohùn ẹ̀fọn ju ohùn rẹ̀ lọ.

Ọ̀gá ṣí bébà náà kúrò, orúkọ sì padà wá. "Ọlọ́gbọ́n ọmọ," ni ó wí. Ó ká bébà náà, ó fi í sápò àyà.

Ní Sátidé, oòrùn mú débi pé ẹyin sísè làwọn adìyẹ Múṣín ń yé. Ilé alájà kan tí wọn ò tíì kọ́ parí ni wọ́n gbé kámẹ́rà lọ. Teslim dúró létí dẹ́kì lókè, aṣọ pupa lẹ́yìn rẹ̀, okùn níbàdí rẹ̀. Okùn náà gba orí igi gbọọrọ kan kọjá, ó sọ̀kalẹ̀ sọ́wọ́ ọkùnrin mẹ́ta tí yóò máa fà á, kí Teslim lè dà bí ẹni tó ń fò. Fọ́ọ̀mù ìbùsùn méjì ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ dè é, wọ́n tínrín bí búrẹ́dì tí ìyàwó ilé jókòó lé.

Fíìmù wọn ò ní ìwé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí. Bí àwọn òṣèré ti ń ṣe é láti ayé orí ìtàgé náà ni: onítàn á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, á ní "ṣe báyìí, wí báyìí", òṣèré á sì ṣe é. Nítorí náà, Motúnráyọ̀ ni yóò sọ ọ̀rọ̀ tí Teslim ń dúró dè.

Ó sì ti rí okùn. Nígbà tó gòkè lọ bá Teslim so aṣọ mọ́ ọrùn ló rí i. Okùn ìfami kànga ni. Níbì kan lágbedeméjì rẹ̀, ó ti ń hu irun bí àgbọ̀n òbúkọ.

Ó lọ bá Ẹ̀gbọ́n Ọlánípẹ̀kun, olùdarí fíìmù náà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, okùn yẹn ti ń já."

"Mo rí i." Kò wojú rẹ̀. "Mo ti sọ fún Ọ̀gá. Ó ní kí a lò ó bẹ́ẹ̀. Olùdarí ni wọ́n ń pè mí, àbúrò, ṣùgbọ́n ẹni tó ra kámẹ́rà ló ń darí mi. Tìẹ yàtọ̀. Tí ìwọ onítàn ò bá lanu, ọmọ yẹn ò ní fò."

"Kí ni ẹ̀ ń sọ níbẹ̀ yẹn?" ni Ọ̀gá Àkàngbé wí látorí àga rẹ̀. "Àwọn kan ń dúró dè mí ní Ìlúpéjú ní aago mẹ́ta. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wẹnu àáké."

Teslim ké láti òkè. "Motún, ìwọ ni mò ń wò o. Ìwọ lo dá a. Tó o bá ní kí n fò, màá fò."

Àyà Motúnráyọ̀ ń lù bí ẹni ń gún iyán fún gbogbo Èkó. "Sọ̀kalẹ̀" ni ọ̀rọ̀ tó wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó ti jókòó síbẹ̀ tán, ó ku kó tì í jáde. Ó yíjú díẹ̀. Ó rí etí bébà funfun náà tó yọ lápò àyà Ọ̀gá.

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́.

"Fò," ni ó wí.

Teslim fò. Fún ìwọ̀n ìgbà tí ojú fi ń ṣẹ́, ó rẹwà ju póstà lọ. Okùn wá já. Ìró rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ṣẹ́ orí ilá lọ. Teslim kọjá fọ́ọ̀mù méjèèjì, ó sì fi apá ọ̀tún balẹ̀ lórí kọnkéré.

Ibí yìí ò gba àbùmọ́. Kò pariwo. Ó jókòó, ó ń wo apá rẹ̀ tó yí síbi tí apá kì í yí sí, bí ẹni pé apá ẹlòmíì ni.

"Ṣé kámẹ́rà gbà á?" Ọ̀rọ̀ tí Ọ̀gá Àkàngbé kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ní ó gbà á, ó dìde. "Ó dáa. Ẹ wá oníṣègùn egungun ládùúgbò fún un. Ẹ kó ẹrù sínú mọ́tò, oòrùn ń lọ."

Pijó rẹ̀ nìkan ni mọ́tò tó wà níbẹ̀. Wọ́n kó kámẹ́rà àti jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn rẹ̀, Ọ̀gá wọlé, ó ṣíná sí i. Nígbà tó gbójú sókè, Motúnráyọ̀ ló rí níwájú ọkọ̀.

"Kúrò lọ́nà."

"Ẹ gbé Teslim lọ sí ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbòbí, sà."

"Mo ní kúrò lọ́nà, ọmọ yìí."

Ó fọn fèrè. Mọ́tò sún. Bọ́ńpà kan orúnkún rẹ̀, ó gbóná bí irin àgbẹ̀dẹ. Gbogbo eegun ara Motúnráyọ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sá. Bàtà rẹ̀ pàápàá ti yíjú sí ọ̀nà tí wọn yóò gbà. Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Màá pa orúkọ rẹ rẹ́ o," ni Ọ̀gá wí lójú fèrèsé.

"Ẹ pa á rẹ́, sà. Bébà yẹn wà lápò yín. Ẹ gbé Teslim."

Mọ́tò tún sún. Ó tì í sẹ́yìn níwọ̀n ìka kan, nítorí kì í ṣe Dúróṣinṣin, ọmọ ilé Adéríbigbé lásán ni. Ó padà sí ojú ibi tó wà. Ẹ̀gbọ́n Ọlánípẹ̀kun wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó fa okùn náà wá dúró, lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, Ọ̀gá Àkàngbé paná mọ́tò. Jẹnẹrétọ̀ bọ́ sílẹ̀, Teslim wọlé.

Lọ́nà Ìgbòbí, Teslim gbé orí lé èjìká Motúnráyọ̀. "Motún, ṣé mo fò dáadáa?"

Motúnráyọ̀ di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú.

Apá náà kán níbi méjì. Teslim ò lè di bíírò mú lọ́jọ́ WAEC, ó sì di dandan kó dúró de ọdún tó ń bọ̀. Ìyá rẹ̀ ò dáhùn ìkíni Motúnráyọ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko. Ògiri tó fẹ́lẹ́ yẹn di odi ìlú. Fíìmù jáde. Dúróṣinṣin fò nínú rẹ̀ bí eéṣú, wọ́n sì lẹ bébà funfun mọ́ orúkọ Motúnráyọ̀ lórí gbogbo póstà, orúkọ ọmọ Ṣómólú wà lórí rẹ̀.

Nígbà tí òjò oṣù keje dé, ó rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin bí ẹni pé ọ̀sà fẹ́ lọ kí ọ̀run. Lọ́jọ́ karùn-ún, Motúnráyọ̀ àti Teslim kọjá níwájú ògiri Ojúẹlẹ́gba. Omi ti bó bébà funfun náà dànù. Orúkọ rẹ̀ ti yọ padà, pupa bí ata rodo, lábẹ́ akọni tó ń fò.

Motúnráyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná họ orúkọ náà kúrò.

"Fi sílẹ̀ jàre," ni Teslim wí, apá rẹ̀ ṣì wà nínú símẹ́ńtì Ìgbòbí. "O ò ṣáà kúrò níwájú mọ́tò lọ́jọ́ yẹn."

"Mo dúró, àmọ́ ìdúró mi pẹ́," ni ó dáhùn, kò dáwọ́ dúró. "Ọ́fíìsì Ọ̀gá ló yẹ kí n ti dúró, nígbà tí ìdúró ò tíì ná ẹnikẹ́ni lápá."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ibẹ̀ lẹ̀kọ́ wà. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Bí wọ́n bá ní kó o ta ohun tó o mọ̀ pé ó tọ́ nítorí pé wọ́n fẹ́ gbé orúkọ rẹ ga, kọ̀ ọ́ nígbà tí kíkọ̀ ṣì rọrùn. Bó o bá ti gbà á lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó fọkàn tán ọ lè jẹ nínú ìyà rẹ̀. Motúnráyọ̀ ń kọ́ Teslim ní ẹ̀kọ́ WAEC ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ títí ọdún fi yí po. Ní òpin ìwé ẹ̀kọ́ kẹrin, ó ya Dúróṣinṣin níwájú póstà tó ti ń fò, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀.