Àga Àlejò

Ní ọsibítù, àga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyá aránṣọ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jókòó lé. Ilé lọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọwọ́ ìyá bá ti ń gbọ̀n, tí òógùn tútù bò ó, á ní ọkùnrin kan tí ẹ̀wù rẹ̀ tutù rinrin dúró sẹ́nu ọ̀nà. Á fa àga fún un. "Ẹ jókòó, Bàbá." Kò ní pẹ́ lẹ́yìn náà tí yóò fi ṣubú, àfi bí wọ́n bá tètè fún un ní omi ṣúgà mu.

Ojú a máa ti ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ. Àwọn oníbàárà a máa wo ìyá tó ń kí àga òfìfo, wọn a sì máa fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Àyẹ̀wò ló tú àṣírí. Kókó kan tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ ló lúgọ sẹ́yìn àpò oúnjẹ ìyá, òun ló ń gbá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ.

"Ebi ṣúgà ló ń pa ọpọlọ wọn," dókítà oníṣẹ́ abẹ wí. "Tí a bá ti yọ kókó yẹn, àlejò wọn á bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀." Ó ní kí aránṣọ náà wá ṣe àyẹ̀wò, torí irú kókó bẹ́ẹ̀ a máa rìn nínú ẹbí nígbà mìíràn. Aránṣọ ní òun ń bọ̀. Kò lọ.

Wọ́n yọ kókó náà. Wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn ìyá, kí omi ojú ọgbẹ́ lè máa gbabẹ̀ jáde. Àlejò kò wá mọ́. "Ẹ ò rí ọkùnrin," ìyá ń bá nọ́ọ̀sì ṣàwàdà. "Ara mi yá tán, ó bá tiẹ̀ lọ."

Ní òwúrọ̀ tí wọ́n fẹ́ yọ rọ́bà náà, aránṣọ gbóòórùn aṣọ tí kò gbẹ. Ìyá rẹ̀ gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ó ti dé," ó rọra wí. "Ọwọ́ méjèèjì ló fi di rọ́bà yìí mú. Sọ fún wọn kí wọ́n má yọ ọ́."

Nọ́ọ̀sì yẹ ṣúgà ara ìyá wò. Kò sí ohun tó ṣe é.

Dókítà gbé rọ́bà náà wò. Omi kò fi bẹ́ẹ̀ jáde láti àná. "Inú ti gbẹ," ó ní. "Tó bá pẹ́ jù níbẹ̀, kòkòrò lè gbabẹ̀ wọlé. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ ká dúró díẹ̀, a lè dúró." Ó yíjú sí aránṣọ.

Gbogbo ẹ̀sín tó ti jẹ látẹ̀yìnwá ló rọ́ wá sí i lọ́kàn. "Ẹ yọ ọ́, sà. Màmá, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀." Ó gbé àga náà síta fúnra rẹ̀. Àga náà wúwo gan-an. Ó rò pé ó ti rẹ òun ni.

Ìyá yíjú kúrò lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó ń wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ń fi ojú sin àlejò.

Rọ́bà náà ló dí, inú kò gbẹ rárá. Omi inú ara tó máa ń mú oúnjẹ dà ń jò níbi tí wọ́n gé. Nígbà tí kò rọ́nà jáde mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara tó yí i ká. Ibà ló kọ́kọ́ dé, ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ lé e. Wọ́n sáré gbé ìyá padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé jáde.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé aránṣọ pé ọkùnrin yẹn kò fa ìṣubú kankan rí. Ìkìlọ̀ ló máa ń bá wá, ìyá nìkan ló sì ń fún un níjòókòó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú janjan, aránṣọ wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lójú rẹ̀. Ó rò pé ẹ̀rọ ni, àṣé ọwọ́ rẹ̀ ni. Òógùn tútù ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀. Òórùn aṣọ tí kò gbẹ wọlé, ó gbójú sókè. Ọkùnrin kan dúró sẹ́nu ọ̀nà, omi ń kán lára ẹ̀wù rẹ̀.

Ẹ̀rù bà á, síbẹ̀ ó di ògiri mú, ó fa àga oníbàárà síwájú.

"Ẹ jókòó, Bàbá," ó bẹ̀ ẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́. Mo ti ń gbọ́ báyìí."

Ọkùnrin náà wo àga, ó wo aránṣọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé àga náà, ó sì gbé e síta.