Kóòtù Tí Télọ̀ Jogún

Bí ọrùn aṣọ fún oníbàárà pa, bí apá rẹ̀ gùn dé orúnkún, ọ̀rọ̀ kan náà ni télọ̀ yìí máa ń sọ: "Ó bá yín mu!" Bí àdúgbò ṣe sọ ọ́ ní Ó-bá-yín-mu nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ dé sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ọmọ wọn, ọmọ oṣù mẹ́sàn-án, lẹ́yìn. Èéyi ti dá ọmọ mẹ́ta dùbúlẹ̀ nílé kejì sí tiwọn.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ fún mi ní káàdì. Òní ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀."

Télọ̀ fọwọ́ lé dúrọ́ọ̀ máṣíìnì. "Abẹ́rẹ́ kí ni? Èéyi ṣe mí ní kékeré, mo nà án mọ́lẹ̀! Ẹ̀jẹ̀ mi ló wà lára ọmọ yìí, ó ti jogún ẹ̀. Ẹni tó jogún ilé kì í tún háyà yàrá."

Nọ́ọ̀sì kan tó wá gba yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó nawọ́ sí kóòtù àtijọ́ kan lára ògiri.

"Ta ló ni kóòtù yẹn?"

"Bàbá mi. Àwọn náà ló rán an. Mo jogún ẹ̀."

"Ẹ wọ̀ ọ́, ká rí yín."

Wọn kì í sọ pé "ká rí yín" fún Ó-bá-yín-mu kó kọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ rí pẹlẹbẹ bí rúlà, òun sì ti ń jẹun ẹni méjì láti ọjọ́ tó ti gbéyàwó. Ó wọ̀ ọ́, ó fa ikùn wọlé, ó de bọ́tìnnì kan.

"Ó... bá mi mu," ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú.

Bọ́tìnnì fò, ó lọ ba ìgò òróró máṣíìnì. Ẹ̀yìn kóòtù ya: fàà! Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ pàápàá bú sẹ́rìn-ín.

"Kí lẹ wá jogún gan-an?" nọ́ọ̀sì bi í.

"Àlùmọ́gàjí yìí, àti àpótí ègé aṣọ."

"Ohun tí ọmọ náà jogún nìyẹn. Nínú DNA wa, àkọsílẹ̀ tí a bá wáyé, ègé-ègé ni ìlànà àwọn ọmọ ogun ara tó ń bá àrùn jà wà. Bí ara bá fẹ́ ṣe ọmọ ogun tuntun, á gé e, á mú ègé kan níbí, òmíràn lọ́hùn-ún, á so wọ́n pọ̀. Ègé díẹ̀, sítáì tí kò lóǹkà."

"Láì wọn oníbàárà?"

"Láì wọn ẹnikẹ́ni! Ọ̀pọ̀ ò ní rí iṣẹ́ ṣe láyé. Èyí tó bá èéyi mu lè wà níbẹ̀, àmọ́ díẹ̀ ni. Kí ara tó rán irú ẹ̀ púpọ̀, èéyi ti ṣọṣẹ́. Abẹ́rẹ́ ló ń gbé ìwọ̀n èéyi lọ fún ara ṣáájú, kó lè rán tiẹ̀ sílẹ̀."

"Èyí tí mo fi nà án mọ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Ara yín ló gé e, ara yín ló so ó. Kò sí nínú ogún."

"Èyí tí mo fún un nínú oyún ńkọ́?" ìyàwó béèrè.

"Aṣọ àyálò ni, Màmá. Ó ti ń ṣá."

Télọ̀ wo ọmọ, ó wo ilé kejì. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú káàdì, ó sì gba ọmọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó ti dé àárín òpópónà kí ẹnìkan tó kígbe: "Télọ̀, ẹ̀yìn kóòtù yín ti ya o!"

"Bó ṣe bá mi mu nìyẹn!" Kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Ẹ̀yin òbí, àlùmọ́gàjí lẹ fún ọmọ, ẹ kò fún un láṣọ. Bó bá pé oṣù mẹ́sàn-án, ẹ gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ èéyi, kẹ́ ẹ sì padà lọ gba ẹlẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ tí wọ́n kọ sí káàdì. Ẹ má jẹ́ kí èéyi fúnra rẹ̀ wá wọn ọmọ yín.