Ṣíbí Kékeré Kan

"Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń gbà lára àwọn ọmọ..."

"Ti àwọn tó ń ṣèwádìí ibà yẹn?"

"Àwọn náà ni. Ìgò méjì gbáko lára ọmọ kan, lẹ́yìn náà..."

"Yéè! Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ṣebí Mbodze wà ní ìpàdé..."

Nídìí ẹ̀rọ omi ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Èmi Mbodze dúró lẹ́yìn wọn pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì mi, n kò sì lè ní irọ́ ni, torí èmi ni mo pa á.

Lábẹ́ igi máńgòrò baálẹ̀ ni Bọ̀dá Chengo, ọmọ abúlé wa tó ń bá àwọn oníwàádìí náà ṣiṣẹ́, ti ṣàlàyé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún ìwọ̀nba àwọn tó wá sí ìpàdé. Etí ìyá mi àgbà ti di, nítorí náà èmi ni mo máa ń gbọ́ ìpàdé bá wọn, tí n óò wí i sí wọn létí. Àmọ́ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi bi mí, n kò fẹ́ kí wọ́n tún pè mí ní odi torí pé n kì í sábà sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ìgò méjì ni wọn á fà, wọn á fi bọ́ ejò kan nínú fíríìjì." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹ̀rín náà dùn mọ́ mi.

Lọ́jọ́ Ajé, ibà pa ọmọ Kahindi, aládùúgbò wa. Ẹnikẹ́ni kò tíì fi abẹ́rẹ́ kan ọmọ náà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí Bọ̀dá Chengo fi ṣọ́ọ̀kì kọ sí gbogbo ilẹ̀kùn abúlé, kí wọ́n lè mọ iye ilé, wà lára ilẹ̀kùn tirẹ̀ náà.

"Wọ́n ti sàmì ikú sí wa lára!" ni Kahindi ké.

Bí alùpùpù Bọ̀dá Chengo ṣe yọ, igi ọwọ́ àwọn ará abúlé ló pàdé rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kán, ó dún bí imọ̀ àgbọn gbígbẹ.

"Amùjẹ̀! Gbé ejò ẹ jáde!"

"Ejò wo? Kahindi, èmi Chengo mà ni!"

Òkúta bà á lójú. Wọ́n dáná sun alùpùpù. Wọ́n fọ́ kúlà rẹ̀. Yìnyín àti ìgò tí kò tó ọmọ-ìka ló dà sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò wò ó. Kahindi na àdá sókè.

Ìyá àgbà fa aṣọ mi. "Mbodze, ohun tí o wí sí mi létí kọ́ nìyí. Àbí o fẹ́ kí wọ́n pa á tán?"

Mo sáré, mo dùbúlẹ̀ lé e. Igi kan bà mí léjìká, mo gbọ́ bí eegun ṣe yẹ̀.

"Èmi ni mo parọ́! Ẹ pa èmi!"

Kahindi gbé àdá rẹ̀ wálẹ̀. "Kí ni Chengo wá wí nígbà náà?"

Ojú òsì Bọ̀dá Chengo ti fọ́, òótọ́ mi kò sì lè dá a padà. Bí a bá ṣe rán ni níṣẹ́ la ṣe ń jẹ́ ẹ; ọ̀rọ̀ tí mo fi ra ẹ̀rín, ẹlòmíràn ló fojú san án. Mo gbé orí sókè, mo sọ ọ́ bí ó ṣe sọ ọ́ lábẹ́ igi máńgòrò:

"Ṣíbí kékeré kan péré ni, kí a lè mọ ohun tí ibà ń fi àwọn ọmọ wa ṣe. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó wí. A kò ní bínú. Ọmọ tèmi ni n óò kọ́kọ́ gbé wá."